Tùràrí Lára Sùtànà Bọ̀dá

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe Kétu tí ẹ̀yin ará Èkó mọ̀, èyí tó wà nítòsí Mile 12. Kétu tèmi wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti pupa, tí wọ́n ti fi èdè Faransé kọ́ wa ní ilé-ìwé, tí a sì ń fi Yorùbá bú ara wa bí a bá jáde síta. Mo ní láti tètè sọ èyí, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti wà ní Ajah ni àwọn èèyàn ti ń fi mí rẹ́rìn-ín pé, "Kétu lo ti wá, o wá ń sọ pé o wà ní àjò?" Mo ṣàlàyé títí, ó sú mi. Ní báyìí, bí wọ́n bá bi mí, Kùtọnu ni mo máa ń dá wọn lóhùn, wọn á sì ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Àgànyìn!" N kì í ṣe ará Kùtọnu, n kì í sì í ṣe Àgànyìn, àmọ́ kò sí orúkọ tí èèyàn kì í jẹ́ lẹ́yìn odi.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Àkànní, ni wọ́n ní kí n máa bọ̀. Wọ́n ti wà ní Èkó tipẹ́, táìlì ni wọ́n ń lẹ̀, àwọn tó ń kọ́lé káàkiri Lẹ́kkí sì fẹ́ràn ọwọ́ àwa ará òdìkejì ibodè nídìí iṣẹ́ yẹn. Ìyàwó wọn ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀, ó ti ní ọkọ mìíràn. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n gbà sí ẹ̀yìn Abraham Adésànyà Estate. Ìkòkò wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, ẹni tí yóò dáná ni kò sí. Ohun tí gbogbo èèyàn rò pé mo wá ṣe nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìyá wa ti pè mí sí kọ̀rọ̀ kí n tó kúrò nílé. Ìkòkò tábà kì í kúrò lẹ́nu bàbá wa nígbà ayé wọn, ikọ́ ló sì gbé wọn lọ nígbà tí mo ṣì kéré gan-an. Bọ̀dá ló dúró bíi bàbá fún mi láti ọjọ́ náà. Àwọn ni wọ́n rán mi lọ sí ilé-ìwé, àwọn ni wọ́n ń ra aṣọ ọdún fún mi.

"Sìgá ni ẹ̀gbọ́n ẹ ń fà báyìí," Màámi wí. "Ohun tó pa bàbá yín, má jẹ̀ẹ́ kó pa á mọ́ mi lójú. Ọ̀rọ̀ tìẹ ló máa ń gbọ́."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, mà." Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n dàgbà kí wọ́n hewú.

Iyanrìn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Ajah. Ní Kétu, bí o bá jáde láàárọ̀, ilẹ̀ pupa á tẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ délé, gbogbo èèyàn á sì mọ̀ pé o rin ọ̀nà oko. Ti Ajah kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ báyìí, iyanrìn ti pa ojú rẹ̀ dé, ó dà bí ẹni pé o kò kọjá níbẹ̀ rí. Géètì náà tún wà. Ní Lẹ́kkí Phase 1, níbi tí mo ti ríṣẹ́, géètì wà ní ẹnu òpópónà, òmíràn tún wà ní ẹnu ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ṣọ́ tó jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́ mi lánàá á sì tún bi mí lónìí pé ta ni mo ń wá. Nígbà tí òjò sì kọ́kọ́ rọ̀ dáadáa, omi wọ pálọ̀ wa, bàtà mi ń léfòó lọ sábẹ́ àga. Mo figbe ta. Bọ̀dá dúró sórí àga, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá wọn dúró, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀ sí Lẹ́kkí Peninsula, Màdáámù."

Ilé ìfọṣọ ni mo ń bá ṣiṣẹ́, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní lọ́ńdírì. Mo mọ Faransé kà, n kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń kọ sára bébà tí wọ́n ń fi pín-ìnnì dè mọ́ aṣọ. Mo bá ń so òwú aláràbarà mọ́ ọrùn aṣọ, pupa fún ìyàwó dókítà, aláwọ̀ ewé fún ìdílé tó ní ìbejì. Ọ̀gá wa fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá tí aṣọ kò sọnù mọ́, wọ́n ní kí àwọn yòókù náà máa so òwú. Ìyá Ràṣídà, tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Àgànyìn, o ti di ọ̀gá." Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó aṣọ tí mo ń lọ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé gbogbo aṣọ funfun lé mi lọ́wọ́. Kí aṣọ tó wọ omi, èmi ni mo ń ṣà á, imú ni mo sì fi ń ṣà á ju ojú lọ. Mo mọ ẹni tó ń fi lọ́fíńdà rọ́pò ìwẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń jẹ ẹja díndín nínú mọ́tò. Mo máa ń sọ fún Ìyá Ràṣídà pé bí ọlọ́pàá bá gbà mí síṣẹ́, olè kò ní lè sùn ní Lẹ́kkí. Mo gbójú lé imú mi gan-an nígbà náà.

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń gbọ́ ohùn ilé. Màámi kò ní fóònù tó ń gbé àwòrán, fóònù Délé ni wọ́n fi ń pè mí. Délé jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kétu, ó sì fẹ́ fẹ́ mi, èmi náà sì fẹ́ ẹ. Yóò jókòó ti Màámi títí wọn yóò fi bá mi sọ̀rọ̀ tán, yóò gba fóònù, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, yóò sì rìn jìnnà sábẹ́ igi kó tó pe orúkọ mi bó ṣe máa ń pè é. Bí ó bá ti pè é bẹ́ẹ̀, gbogbo géètì Lẹ́kkí á kúrò lójú mi. Lẹ́yìn tí ó bá pa fóònù, màá jókòó síbi tí mo wà fún ìgbà díẹ̀, n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí a ṣe bá sìgá jà. Orógbó la fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ràṣídà ló ní orógbó ni bàbá òun fi jáwọ́. Bọ̀dá jẹ orógbó, wọ́n jẹ ẹ́ títí àwọ̀ eyín wọn fi yí padà, kò pẹ́ ni mo rí i pé wọ́n ń jẹ orógbó tán, wọ́n ń fa sìgá lé e. Mo lọ bá Àbókí tó ní kíóòsì ní ìkòríta, tó ń ta sìgá lẹ́yọ lẹ́yọ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tà á fún ẹ̀gbọ́n mi mọ́.

Ó ní, "Haba, Àǹtí, wàhálà nìyí o. Bọ̀dá kọ́sítómà mi ni. Àmọ́ nítorí ẹ, wallahi, mi ò ní tà á."

Kò sì tà á lóòótọ́. Bọ̀dá kàn ń rìn dé kíóòsì kejì ni, wọn á làágùn délé, wọn á ní àwọn lọ na ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n búra lórí fóònù létí ìyá wa, wọ́n fi ọmú tí wọ́n mu búra. Ìbúra náà kò pẹ́ tó ọṣẹ ìfọṣọ kan. A tún gbìyànjú suwíìtì míńtì tó ń tutù lẹ́nu. A tún gbìyànjú kí wọ́n máa lọ sílé ọ̀rẹ́ tí kì í mu sìgá, ọ̀rẹ́ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún kí oṣù tó parí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ẹ̀rín ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rín tán lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Bọ̀dá wálé láti Oniru. Wọ́n ń gbé páálí táìlì gun òkè ilé alájà kan ni èémí bá dá dúró lórí àtẹ̀gùn. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ètè wọn ti fẹ́ dúdú. Èmi ni mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ajah. Dókítà gbé àwòrán àyà wọn sójú iná, ó fi bírò tọ́ka sí i.

"Bọ̀dá, ẹ̀dọ̀fóró yín nìyí. Eruku táìlì wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ẹ wá ń fi èéfín lé e. Bí ẹ kò bá fi sìgá sílẹ̀ pátápátá, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ o, ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ ò ní lè rìn dé ẹnu géètì yín."

Inú kẹ̀kẹ́ ni a wà tí a ń bọ̀ wálé. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú sí mi o. Lọ́jọ́ tí mo bá tún rí sìgá lọ́wọ́ yín, ẹrù mi ni màá dì. Mo ti gbọ́ lẹ́nu Màámi bí Bàbá ṣe kú, mi ò ní jókòó wo tiyín. Kétu ni màá padà sí, Délé ń dúró dè mí."

Wọ́n ń wo ojú títì. Wọ́n ní, "Mo gbọ́."

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i ni ẹnìkan níbi iṣẹ́ mú Bọ̀dá lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan ní etí ọ̀sà, ní apá ọ̀dọ̀ wa ní Ajah. Èyí yà mí lẹ́nu ju ohunkóhun lọ. Bọ̀dá tí kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì àfi bí oúnjẹ ìgbéyàwó bá wà níbẹ̀! Wọ́n rán sùtànà funfun, wọ́n ń bọ́ bàtà sílé kí wọ́n tó jáde lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n ń kọrin nínú ilé ìwẹ̀. Ìjọ náà kò gba sìgá, kò gba ọtí, ẹni tó bá sì mu ún, gbangba ni wọ́n ń dá a lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi Bọ̀dá sídìí tùràrí. Àwọn ni wọ́n ń fi ìṣáná tan èédú, àwọn ni wọ́n ń da tùràrí lé e, tí wọ́n ń gbé èéfín olóòórùn dídùn náà yí ilé àdúrà ká.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ìdí rẹ̀ dé, mo gba sùtànà lọ́wọ́ wọn láti fọ̀ ọ́, òórùn tùràrí kún inú ilé. Mo sunkún ayọ̀ lé e lórí. Bí mo bá rí ìṣáná nínú àpò wọn, mo mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Bí eérú bá wà ní etí ọwọ́ aṣọ, mo mọ ibi tó ti wá. Èéfín lára irun, ojú pípọ́n, gbogbo ohun tó yẹ kí n fi mú wọn ni mo fi ń ka wọn sí ẹni mímọ́. Èmi, onímú Lẹ́kkí!

Mo pe ilé lọ́jọ́ Sátidé, mo ń pariwo. "Màámi, Bọ̀dá ti jáwọ́ o! Ọlọ́run ti ṣe é!"

Màámi kọrin ọpẹ́. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, mo gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọmọ mi, dúró tì í o. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni. Bí o bá kúrò lẹ́yìn ẹ báyìí, á ṣubú."

Délé fẹ́ kí n wálé kí wọ́n wá tọrọ mi kí àgbàdo tuntun tó jáde. Mo bi Màámi, wọ́n ní kí Bọ̀dá fìdí múlẹ̀ ná. Mo bẹ Délé, ó gbà. Nígbà tí àgbàdo jáde, ó tún béèrè, mo tún bi Màámi, ìdáhùn kan náà ni. Kò bú mi. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù fún Màámi láìdúró bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe, Màámi fi nọ́ńbà tí n kò mọ̀ pè mí.

"Fóònù ta nìyí, mà?"

"Ti ìyàwó àbúrò bàbá ẹ ni." Wọ́n wá ní, "Àwọn ẹbí Délé ti mú ìyàwó wá fún un."

Agbádá ọkọ ìyàwó kan ni mo ń lọ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mo lọ̀ ọ́ dáadáa, kò sí ibi tó hunjọ. Ìyá Ràṣídà bu omi fún mi. Nígbà tí mo rántí Bọ̀dá tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn láìsinmi, mo tu ara mi nínú. Mo ní ọkọ á tún wá, ẹ̀dọ̀fóró kì í tún wá. Ó dùn mí wọ egungun, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fi ìrora náà rà.

Ẹni tó bá pẹ́ ní àjò a máa ṣe àṣìṣe kan. A máa rò pé gbogbo irọ́ wà ní ìlú àlejò, pé òótọ́ jókòó sílé, ó ń dúró de òun. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ní Ajah, mo máa ń ka nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé e kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, mo máa ń yẹ abẹ́ tòmátì wò. Bí mo bá dé ilé, tí mo gbọ́ ohùn Bọ̀dá pẹ̀lú ohùn Màámi nínú fóònù, màá tú ọkàn mi sílẹ̀ bí ẹni tú gèlè. N kò yẹ abẹ́ ọ̀rọ̀ tiwọn wò rí.

Ọ̀gá kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ìjọ kan náà ni òun àti Bọ̀dá ń lọ, mọ́tò ló sì máa ń wọ̀ wá sí Ajah lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ó gbé sùtànà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Èmi náà mú ti Bọ̀dá wá lọ́jọ́ náà, nítorí omi ilé wa ti pọ́n bíi tíì láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣa aṣọ funfun. Mo gbé sùtànà ọ̀gá báńkì sí imú, òógùn àti lọ́fíńdà ni mo gbọ́. Mo gbé ti Bọ̀dá, tùràrí ni, ó ki bí ọbẹ̀. Ìjọ kan náà, Sọ́ńdè kan náà. Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi pé ọ̀gá yìí kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó purọ́ fún ìyàwó rẹ̀ ni. Nígbà tó wá gba aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sidé, mo fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ò dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè, àbí ìta lẹ jókòó sí?"

"Èmi kẹ̀? Front row ni mo wà o, Àǹtí. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Aṣọ yín ò gbé òórùn tùràrí kankan wá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Tùràrí wo? Wọ́n ti dá a dúró since tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ now. Ìyá Àgbà kan wà tí kì í rí èémí mí bí èéfín yẹn bá ti tú jáde. Wòlíì ní kí gbogbo wa fara dà á ná. Ṣebí Bọ̀dá yín ló ń tọ́jú ẹ̀, wọn ò sọ fún yín ni?"

Mo ní, "Wọ́n sọ, mo gbàgbé ni." N kò mọ ìdí tí mo fi dáàbò bò wọ́n. Ó gbé aṣọ rẹ̀, ó lọ. Ìyá Ràṣídà bi mí léèrè, mo sọ fún un, ó ní bóyá wọ́n ń ṣe àdúrà àkànṣe níbòmíràn. Mo fẹ́ gba èyí gbọ́. Mo gbà á gbọ́ láti Phase 1 títí dé ìbọ́sílẹ̀ Ajah.

Bọ̀dá ti dé láti ibi iṣẹ́. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fọ sìmẹ́ǹtì kúrò lára irinṣẹ́ wọn. N kò tilẹ̀ kí wọn.

"Bọ̀dá, ta ló ń sun tùràrí sí sùtànà yín?"

Ọwọ́ wọn dúró nínú omi. Wọn kò bi mí pé kí ni mo ń sọ. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n gbé àpò irinṣẹ́ jáde, wọ́n sì yọ agolo mílíìkì kan láti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tùràrí wà nínú rẹ̀, èédú tí wọ́n fi ọ̀rá wé wà nínú rẹ̀, páálí sìgá tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ náà wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e sílẹ̀ níwájú mi.

"Lẹ́yìn ìsìn ni," wọ́n wí. "Ní etí ọ̀sà. Bí mo bá fà á tán, mo máa ń tan èédú díẹ̀, màá na sùtànà lé e lórí."

Bí ẹni ń yan ẹja. Mo fojú inú rí i, ọkùnrin bàǹtàbanta tó ń fi èéfín bo èéfín nítorí èmi.

"Láti ìgbà wo, Bọ̀dá?"

"Mi ò fi í sílẹ̀ rí."

"Ẹ mọ̀ pé nítorí yín ni mo ṣe jẹ́ kí Délé lọ."

"Mo mọ̀." Omi dà lójú wọn. "Mo fẹ́ sọ fún ẹ nígbà yẹn. Màámi ló ní kí n má sọ."

Ìmọ̀lára kan wà tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Bí ó bá jẹ́ Bọ̀dá nìkan ló tàn mí, ǹ bá bínú títí, ǹ bá sì dárí jì wọ́n, nítorí sìgá ni ọ̀gá wọn, mo mọ̀. Mo pe nọ́ńbà ìyàwó àbúrò bàbá mi níbẹ̀ níbẹ̀, mo ní kó gbé e fún Màámi.

"Màámi, ẹ mọ̀ pé Bọ̀dá ò fi sìgá sílẹ̀?"

Wọn kò sẹ́. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé òótọ́ ni. "Ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ wọ sùtànà ló ti sọ fún mi. Ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní bí o bá fi lè mọ̀, wàá fi òun sílẹ̀."

"Ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi lórí fóònù."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe, ọmọ mi? Kó máa fa sìgá kó rẹ́ni fún un lóúnjẹ, ó sàn ju kó máa fà á kó dá wà. Ìwọ lágbára. Òun ni kò lágbára."

"Délé ńkọ́, mà?"

"Ọkọ á tún wá."

Ọ̀rọ̀ tí mo fi tu ara mi nínú nìyẹn, ata ló dà lẹ́nu wọn. Mo pa fóònù. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani, mo ti gbọ́ ọ láti kékeré, ẹnu ni mo fi ń sọ ọ́. Wọ́n ti pín wa nílé láìsọ fún mi: ọmọ tí kò lágbára ni wọ́n ń ṣàánú, èyí tó lágbára ni wọ́n ń lò. Wọ́n sì ń pè é ní ìyìn.

Mo di ẹrù mi bí mo ṣe ṣèlérí. Ìgbà tí mo dì í tán ni mo tó rí i pé n kò mọ ibi tí mo ń gbé e lọ. Mo ti ń fi Kétu dẹ́rù ba Bọ̀dá láti ọjọ́ yìí, Kétu ni Màámi wà. Ẹni tó tàn mí ní àjò nìyí, ẹni tó tàn mí nílé nìyẹn, ọ̀nà méjèèjì ti dí. Ìyá Ràṣídà ló bá mi wá yàrá kan nínú àgbàlá tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní ẹ̀yìn ọjà Ajah. Ọkọ rẹ̀, dírẹ́bà ni, ló fi mọ́tò ọ̀gá rẹ̀ kó ẹrù mi. Kò bi mí ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ń ṣínu lásìkò àwẹ̀, wọ́n ń gbé mọ́sà fún mi, èmi tí n kò gbààwẹ̀. Mo jókòó láàárín àwọn tí kò bá mi tan, mo jẹun, mo sì sùn. Àjèjì kò lè dalẹ̀ èèyàn bí ará ilé, nítorí kò mọ ibi tí èèyàn gbé ọkàn rẹ̀ pamọ́ sí.

Màámi ń ti orí fóònù ìyàwó àbúrò bàbá mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. N kò ṣí i. Mo gbọ́ láti ẹnu àwọn ará ilé pé wọ́n ń sọ pé Èkó ti yí mi lórí. Ó dáa.

Ọ̀gá báńkì ló kọ́kọ́ sọ fún mi nígbà tí mo ti kúrò fún bí oṣù kan. Ó gbé aṣọ rẹ̀ sórí káńtà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, Bọ̀dá yín dìde ní Sọ́ńdè o, níwájú gbogbo ìjọ. Wọ́n sọ everything. Sìgá, tùràrí, gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní àbúrò àwọn ni àwọn fi gbogbo ẹ̀ tàn jẹ. Wọ́n bọ́ sùtànà fún Wòlíì, wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn bá mọ́ ni kí wọ́n dá a padà fún àwọn. Ó ká mi lára, I swear." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo so òwú mọ́ aṣọ rẹ̀. Mo rò ó pé ẹni tó lè fi tùràrí ṣe eré lè fi ẹkún náà ṣe é.

Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá ṣíwọ́ iṣẹ́ ní Oniru tàbí ní Phase 1, wọn á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà nítorí eruku ara wọn, wọn á kí Ìyá Ràṣídà, wọn á ní, "Mi ò mu ún lónìí." Mo máa ń ní, "Ẹ ṣeun, sà." Wọn á lọ. Ọjọ́ ń gun orí ọjọ́. Wọ́n tilẹ̀ wá lọ́jọ́ kan láti sọ pé àwọn mu ún, wọ́n ní bàbá kan sọ ọ̀rọ̀ gbígbóná sí àwọn níbi iṣẹ́ ni àwọn fi mu ún. Ìyá Ràṣídà ní, "Ẹni tó ń purọ́ kò ní wá sọ ìyẹn." Mo ní ẹni tó mọ irọ́ pa dáadáa ló máa sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, wọn kò sọ pé àwọn mu ún mọ́. Ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Ikọ́ rọlẹ̀. Bọ̀dá ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo lọ, dókítà tún gbé àwòrán sójú iná, mo sì fi etí mi gbọ́ pé ẹ̀dọ̀fóró wọn ti ń dára sí i. Ó yẹ kí n jó. Ìyá Ràṣídà jó fún mi. Mo ń wo ẹnu dókítà, mo ń rò ó bóyá Bọ̀dá ti bá a sọ̀rọ̀ kí n tó wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wá ní ọ̀sán, oòrùn mú. Wọ́n wọlé lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n dúró níwájú káńtà. Ojú wọn mọ́lẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti kún díẹ̀.

"Àbúrò mi," wọ́n wí. "Kò sí nínú ara mi mọ́. Ó ti lọ. Mo fẹ́ kí o wálé."

Kọ́sítómà méjì wà níbẹ̀. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́.

"Ẹ mú ọwọ́ yín wá."

Ẹ̀gbọ́n mi wo àwọn èèyàn tó dúró, wọ́n wo Ìyá Ràṣídà, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí mi lórí káńtà. Mo tẹrí ba, mo gbé ìka wọn sí imú lọ́kọ̀ọ̀kan. Sìmẹ́ǹtì. Ọṣẹ. Kò sí sìgá, kò sí tùràrí. Mo rò ó pé, kí ni wọ́n ń fi ọṣẹ ṣe níbi iṣẹ́ táìlì? Lẹ́yìn náà mo rántí pé gbogbo àwọn tó ń lẹ táìlì ló ń fọwọ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, omi ti lé ròrò sójú Bọ̀dá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó wà níwájú mi ló ń sọ pé òótọ́ ni.

Mo ní, "Ẹ mú ọwọ́ kejì wá."